Corolla dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ amọ̀ lára ọ̀dà ọkọ̀

Ọkọ̀ náà

Toyota Corolla 2010 ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ọ̀dà 209, ìyẹn dúdú tó máa ń tan wínníwínní bí oòrùn bá kọlù ú. Nọ́ńbà yìí wà lára ìwé àlẹ̀mọ́ tó wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ C/TR sí. Ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. 209 ní kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n fi ń bo àwọ̀) lórí, àmọ́ àwọn Toyota kan wà tó jẹ́ dúdú 202 tí wọn ò fi kílíà bò. Amọ̀ ìfọkọ̀ (clay bar), tí a fi ń gé èérí tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, tó bá kan irú ìyẹn yóò gbé dúdú, ẹni tí kò mọ̀ á sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó ti tó ọdún méjì tí ọkọ̀ yìí ti ń sùn sójú kan náà ní Mushin. Iwájú rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó ń ge irin láti àárọ̀ dalẹ́, péńtà kan ń fín ọkọ̀ ní apá òsì rẹ̀, igi fúrútù sì na ẹ̀ka sórí búùtù. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, omi kànga ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́. Tí èèyàn bá dúró lókèèrè, ọkọ̀ mọ́. Tí èèyàn bá fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, gaàrí ni.

Ìdánwò tó fi èyí hàn kò gba owó. Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ ki ọwọ́ bọnú ọ̀rá búrẹ́dì tín-ín-rín, kí ẹ wá fi orí ìka pa ọ̀dà náà jẹ́jẹ́. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí awọ ọwọ́ lẹ̀ mọ́ nǹkan tó ń yọ̀, nítorí náà ohun tí ìka lásán ò gbọ́, ọ̀rá á gbọ́ ọ. Lára ọkọ̀ yìí, orí rẹ̀ ń ha díẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì iwájú ń ha bíi gaàrí Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀kùn méjèèjì tó wà lápá òsì ń ha bíi sáńpépà tó ti lò tán. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ní kóótà ojú títì, ó dúdú lórí dúdú débi pé ọ̀rá nìkan ló rí i.

Kí ni amọ̀ yìí ń ṣe gan-an

Clay bar ni orúkọ rẹ̀ lọ́jà. Amọ̀ la ó máa pè é níbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò. Rọ́bà rírọ̀ ni, tí wọ́n po mọ́ lúbúlúbú ohun líle tó kúnná gidi. Nínú ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún Tadao Kodate ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, òkúta ìlọ tó ṣeé tẹ̀ ni wọ́n pè é, orúkọ yẹn ló sì yẹ kó wà lọ́kàn ẹni tó bá mú un lọ́wọ́: ọlọ ni, ó kàn rọ̀ ni. Ó ń yọ̀ lórí omi ọṣẹ tó wà láàárín òun àti ọ̀dà. Ohun tó bá yọ orí jù sókè nínú omi yẹn ló máa ń kọ́, tí á gé, tí á sì gbé mì. Ìlà, ojú ìlà róbótó tí kááwọ̀ọ̀ṣì fà, kòtò tí omi kànga jẹ sínú kílíà, kílíà tó ti ń bó: kò sí èyí tó kàn án nínú wọn, nítorí wọn ò yọ sókè. Ẹni tó bá tà á fún yín pé ó ń pa ìlà rẹ́ ń tan yín.

Nínípọn ọ̀dà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

A fi ẹ̀rọ tó ń wọn nínípọn ọ̀dà yí ọkọ̀ ká. Ọ̀dà tó ti ilé-iṣẹ́ wá sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) lápapọ̀, kílíà orí rẹ̀ nìkan ò sì ju nǹkan bí 35 sí 50 lọ. Bébà A4 kan ṣoṣo nípọn tó 100. Ohun tí gbogbo ariwo yìí dá lé lórí kò nípọn tó bébà tí a fi ń kọ̀wé.

Orí ọkọ̀ jẹ́ 102 sí 114. Bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ 108 sí 117. Búùtù àti gbogbo apá ọ̀tún jọ bẹ́ẹ̀. Fẹ́ńdà òsì iwájú jẹ́ 260 sí 330, ìyẹn ni pé wọ́n ti tún un kùn lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì kọjá 700 láàárín, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bọ́ńpà kì í sọ nǹkan kan fún irú ẹ̀rọ yìí nítorí ike ni.

Ibi méjì tí wọ́n tún kùn yìí la ní láti mọ irú ọ̀dà tó wà lára wọn. Ẹ fi aṣọ funfun kékeré kan tínà díẹ̀, kí ẹ fi kan ibi tó fara pamọ́, bí etí fẹ́ńdà tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò gbé nǹkan kan sáṣọ, tú-kéè (2K, ọ̀dà tí wọ́n po mọ́ oògùn tó ń mú un le) ni wọ́n fi kùn ún. Fẹ́ńdà fi dúdú sáṣọ, ojú ibẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìka: sẹ́lúlóòsì ni, ọ̀dà tí tínà ṣì máa ń tú bó tilẹ̀ ti gbẹ. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni fẹ́ńdà ti kúrò nínú ètò àwọn yòókù. Amọ̀ tirẹ̀ yóò dá wà, òun ló máa kẹ́yìn, kò sì sí kẹ̀míkà tó máa kàn án.

Ohun èlò

Amọ̀ gíráàmù 200, èyí tó wà láàárín rírọ̀ àti líle. Èyí tó rọ̀ jù dára ní ìlú tútù. Ní Èkó, kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, á ti dà bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ jù, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Èyí tó le ń yára gbé èérí, àmọ́ ojú tó máa ń fi sílẹ̀ lórí ọkọ̀ dúdú á sọ ọ́ di iṣẹ́ pọ́líìṣì ọjọ́ méjì. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi rọ́bà amọ̀ bò lójú náà wà lọ́jà, ó yá ní ìlọ́po méjì, tó bá já bọ́ sílẹ̀ ó ṣeé ṣan, ṣùgbọ́n ìka kì í gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ funfun tàbí fàdákà ni ká fi pamọ́ dè.

Omi yíyọ̀: ọṣẹ ìfọkọ̀ mìlílítà 10 sínú omi lítà 1. Omi inú ọ̀rá la lò, méjì jẹ́ lítà kan géérégé, nítorí omi kànga àdúgbò yẹn ń fi ẹfun sílẹ̀ bó bá gbẹ. Lítà 4 la pò, 3 àti díẹ̀ ló tán. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́bu dípò rẹ̀. Ó máa ń tètè gbẹ lójú ọ̀dà, ó sì máa ń jẹ́ kí amọ̀ já wẹ́wẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Amọ̀ mìíràn wà tí omi lásán ni wọ́n ṣe é fún, ti Bilt Hamber jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ka ara páálí kí ẹ tó pò ohunkóhun.

Ìyókù: garawa méjì tó ń gba lítà 15, oògùn irin (iron remover, tó ń tú irin tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà) mìlílítà 500, karosíìnì ìlàjì ìgò, sípíríìtì, ọtí kíkan funfun, aṣọ ìnukọ̀ onírun méjìlá, abẹ tuntun méjì fún gíláàsì, téèpù péńtà, tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an, ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Ọjọ́ kìíní, 6:30 àárọ̀: fífọ̀

Táyà àti ríìmù la kọ́kọ́ fọ̀, kí èérí bíréèkì má baà ta sára ohun tó ti mọ́. Lẹ́yìn náà la fi omi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tú iyanrìn kúrò láti òkè wá sísàlẹ̀, a fi fóòmù bò ó fún ìṣẹ́jú 5, a tún tú u. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Garawa kan fún ọṣẹ, ìkejì fún omi tí a fi ń ṣan ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ kó tó padà sínú ọṣẹ. Iyanrìn ẹyọ kan tó bá kù lára ọkọ̀ á wọ inú amọ̀, amọ̀ yóò sì máa wọ́ ọ kiri bí ìṣó.

7:25: oògùn irin

Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù lọ fún ọkọ̀ tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ wẹ́dà, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń fò. Èédú irin tó ń ta láti ẹnu máṣíìnì ìgé-irin gbóná nígbà tó bá balẹ̀. Ó máa ń jó wọnú kílíà ni, orí rẹ̀ á wà níta, ìdí rẹ̀ á wà nínú. Bí òjò àti ìrì bá kàn án, á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì máa gbé kílíà tó yí i ká sókè. Bí a bá fi amọ̀ lọ̀ ọ́ láìkọ́kọ́ yọ ọ́, orí nìkan ni amọ̀ máa gé. Ọwọ́ á gbọ́ pé ó ti yọ̀, àmọ́ láàárín oṣù mélòó kan àmì pupa yóò tún yọ níbi kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti lúbúlúbú irin tó ń wá láti ara bíréèkì, àti èyí tó máa ń bà lé ọkọ̀ tí wọ́n bá fi rélùwéè gbé ní Amẹ́ríkà kó tó dé èbúté.

Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tutù, kó sì wà níbòòji. A fín oògùn sí gbogbo ara rẹ̀ àfi fẹ́ńdà òsì, tí a ti fi ọ̀rá àti téèpù bò. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń sun ẹ̀jẹ̀ elésè àlùkò. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìpara tí wọ́n fi ń na irun ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ìbátan sì ni wọ́n lóòótọ́, nítorí irú kẹ̀míkà kan náà, thioglycolate, wà nínú àwọn oògùn irun kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ẹ lọ. Ìṣẹ́jú 4 la fún un, a sì ṣan án kó tó gbẹ. Tó bá gbẹ sójú ọ̀dà, yóò fi àbààwọ́n tirẹ̀ sílẹ̀.

A tún fín bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíláàsì iwájú àti iwájú orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọ̀ tó sun lẹ́ẹ̀kejì kò tó ìdá mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Mìlílítà 420 ló lọ. Ìdánwò ọ̀rá lẹ́yìn rẹ̀: orí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kúrò ní gaàrí, ó ti di iyanrìn múlọ́múlọ́. Gbogbo ìyẹn ti kúrò lọ́rùn amọ̀.

8:20: kóótà àti oje igi

Karosíìnì la fi rẹ aṣọ, a fi lé kóótà fún ìṣẹ́jú kan kó lè rọ̀, a nù ún sí apá kan ṣoṣo, a yí aṣọ padà. Ẹni tó bá ń fi aṣọ kan náà nù ún lọ nù ún bọ̀ ń fi kóótà kun ọkọ̀ ni. A fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ọ̀rá karosíìnì á jẹ́ kí amọ̀ tú. Kò gbọ́dọ̀ kan ike dúdú tí wọn ò kùn. Pẹtiróòlù máa ń tètè fò lọ kó tó ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ sì wà nítòsí, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́dà.

Lórí búùtù, oje tó ti le bíi gílúù rọ̀ pẹ̀lú òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì, ìṣẹ́jú-àáyá 30 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àbààwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí ewé fúrútù fi sílẹ̀ kò kúrò. Ó ti wọlé, kò yọ sókè, nítorí náà pọ́líìṣì ló ni ín.

9:10, ẹ̀yìn ọwọ́ kò lè dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún mọ́. Ó di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì, 6:15 àárọ̀: amọ̀

A ṣan ọkọ̀, a nù ún, a gé amọ̀ sí mẹ́rin, gíráàmù 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó fà á tí a fi ń gé e rọrùn: èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀ ti kú, ó sàn kí ìdá mẹ́rin kú ju odindi lọ. A pò ó lọ́wọ́ títí tó fi rọ̀, a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó gba ìka mẹ́rin. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí àárọ̀ bá tutù tí amọ̀ sì le, ẹ fi sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Eruku ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí irin, ọṣẹ ló ni ín, àmọ́ ó máa ń bà lé ibi tó tutù tí a ń fi amọ̀ pa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ má ṣe é níta.

Orí ọkọ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló mọ́ jù, amọ̀ tuntun ló sì yẹ kó kan ibi tó mọ́ jù. Ibi tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kò ju 40 sẹ̀ǹtímítà sí 40 lọ. A fín omi yíyọ̀ sí ojú ọ̀dà títí tó fi ń ṣàn, a fín in sójú amọ̀ náà, a wá ń fà á lọ fà á bọ̀ ní ìlà tààrà, iwájú sí ẹ̀yìn. Róbótó kọ́ o. Bí amọ̀ bá fi ojú sílẹ̀, ìlà tààrà á fara pamọ́ sí ojú kan ṣoṣo. Róbótó á tan sí ibi gbogbo tí oòrùn bá ti wò ó. Agbára ọwọ́ kò ju ti ẹni tó ń pa ọmọ tó ń sùn lórí lọ. Omi àti amọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kàn ń darí ni.

Ní ìfà mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́, ó máa ń ké ṣáá-ṣáá, amọ̀ á sì máa fà wá sẹ́yìn. Níbi ìfà kẹwàá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ohùn á dákẹ́, ọwọ́ á máa yọ̀. Ibẹ̀ ni ká dúró. Àwọn kan á tún fà á lógún ìgbà sí i fún ìdánilójú; ìlà lásán ni wọ́n ń fi kún un. A nu ibẹ̀, a wo ojú amọ̀, a pò ó kí ojú tó mọ́ jáde, a sún síwájú. Orí ọkọ̀ gba ìṣẹ́jú 22. Amọ̀ di àwọ̀ eérú.

6:50: bọ́nẹ́ẹ̀tì

Níbí ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀ẹ̀mejì la yí i ká, ìṣẹ́jú 40. Ìdá amọ̀ kan náà la fi ṣe é, a sì pò ó ní ìgbà mọ́kànlá. Àmì tó ń sọ pé ojú amọ̀ ti kún kì í ṣe àwọ̀ nìkan: tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tí ẹ gbọ́ nǹkan wínníwínní nínú rẹ̀, ẹ pò ó, tí ó bá sì ń bá a lọ lẹ́yìn pípò, ẹ sọ ọ́ nù. A fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tó ti parí. Ìlà tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn wà ní ojú ọ̀nà tí amọ̀ gbà, ó hàn nítorí ọkọ̀ dúdú ni. A gbìyànjú láti dín agbára ọwọ́ kù, a sì sọ omi yíyọ̀ di mìlílítà 15 ọṣẹ sí lítà 1. Ìlà dínkù tó ìdajì, kò tán. Lórí dúdú, ẹni tó bá fẹ́ lo amọ̀ ti gbà láti ṣe pọ́líìṣì nìyẹn. Tí kò bá sí àyè fún pọ́líìṣì, kó dúró síbi oògùn irin.

7:35: gíláàsì iwájú

Ẹ̀kán ọ̀dà funfun tó fò wá látọ̀dọ̀ péńtà pọ̀ níbí ju orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, òun ló ń mú kí wáípà máa ké. Gíláàsì kò ní kílíà, nítorí náà abẹ ṣeé lò: omi ọṣẹ púpọ̀, abẹ tuntun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí gíláàsì, ká máa tì í síwájú nìkan, ká má fà á padà. Lẹ́yìn abẹ la fi amọ̀ pa á. Ìṣẹ́jú 15. A fi sípíríìtì nu ẹnu rọ́bà wáípà kó má baà dá èérí rẹ̀ padà.

8:00: apá òsì

Ọ̀dà tó fò wá bà lé ilẹ̀kùn méjèèjì jẹ́ tú-kéè, ó sì ti gbẹ ganrangan. Ohun tó máa ń wọ àwọn èèyàn lójú níbí ni tínà. Òótọ́ ni pé tínà tí a fi yára nu kílíà ilé-iṣẹ́ lè má bà á jẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò tún ń yọ tú-kéè tó ti gbẹ, nítorí náà ewu wà láìsí èrè. Amọ̀ máa ń gé e nítorí pé ẹ̀kán ọ̀dà tó fò wá kì í tẹ́ pẹrẹsẹ: ó ti ń gbẹ lójú ọ̀nà, orí rẹ̀ ló fi dúró. Ìdá amọ̀ kejì la mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la yí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ká, tó jẹ́ òun ló sún mọ́ péńtà jù. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló kúrò. Èyí tó ṣù pọ̀ lórí ìbòrí díńgí ẹ̀gbẹ́ kò mì. A fi í sílẹ̀ dípò ká fagbára lọ̀ ọ́. Sáńpépà 3000 inú omi lè gé e, ṣùgbọ́n ike tí wọ́n kùn ni ìbòrí yẹn, ẹ̀rọ wa kò lè wọn kílíà rẹ̀, a ò sì ní gé ohun tí a ò mọ bó ṣe nípọn tó.

8:40: àṣìṣe méjì tẹ̀lé ara wọn

Oòrùn yọ sí ilẹ̀kùn ọ̀tún iwájú kí a tó dé ibẹ̀. Omi yíyọ̀ gbẹ láàárín ìfà kẹfà àti ìkeje, amọ̀ sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí ọ̀dà, ìlà eléérú kan tó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ họ ọ́, nítorí èérí tí amọ̀ ti gbé wà nínú rẹ̀. A gbé ọkọ̀ sí ìbòòji, a fi omi tutù ṣan ilẹ̀kùn, a fín omi yíyọ̀ sí i, a fi ojú amọ̀ tó mọ́ rọra kó o padà. Amọ̀ máa ń kó amọ̀. Ìyókù tín-ín-rín kúrò pẹ̀lú karosíìnì bíńtín lórí aṣọ, a sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀.

Nígbà tí à ń ṣe ìyẹn, ìdá kejì yìí já bọ́ sílẹ̀. Ojú tó kàn ilẹ̀ dà bíi pé kò gbé ju iyanrìn mẹ́ta lọ, ó wá ń wuni láti fi èékánná yọ wọ́n. Ẹ má ṣe é. Èyí tí ojú rí kọ́ ló ń ha ọkọ̀. A sọ ọ́ nù, a mú ìdá kẹta.

9:00: búùtù, apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn

Kò sí ìròyìn púpọ̀. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà ẹ̀yìn la fi kẹ́yìn, ojú tó dọ̀tí jù nínú amọ̀ la fi ṣe wọ́n. Àmì ẹfun omi kànga tó wà lórí búùtù kò gbọ́ ti amọ̀. Ọtí kíkan funfun àti omi, ìdajì ìdajì, la fi rẹ aṣọ, a tẹ́ ẹ lé e fún ìṣẹ́jú kan, a ṣan án. Ẹfun lọ, ojú kòtò róbótó díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún pọ́líìṣì. Bí sìmẹ́ǹtì bá ti gbẹ mọ́ ọkọ̀ yín lára, bí ó ṣe máa ń ṣe àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀yìn tírélà sìmẹ́ǹtì, ọtí kíkan ló ni òun náà. Hóró líle inú sìmẹ́ǹtì á wọ inú amọ̀ kíákíá.

9:40: fẹ́ńdà sẹ́lúlóòsì

Ìdá kẹrin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin fún fẹ́ńdà yìí nìkan. Omi yíyọ̀ ìlọ́po méjì. Ìfà kejì, amọ̀ ti dúdú bí èédú. Èyí kì í ṣe èérí. Sẹ́lúlóòsì tí oòrùn ti pa máa ń di lẹ́búlẹ́bú lójú, amọ̀ ń kó àwọ̀ tó ti kú náà kúrò ni. Bí kò bá jẹ́ pé a ti fi tínà dán an wò ní àárọ̀ àná, ìpayà ìbá ti dé. A dín ìfà kù sí mẹ́fà lórí ibi kọ̀ọ̀kan, a yẹra fún etí rẹ̀ àti ìlà gígùn tó yọ láàárín, nítorí orí òkè ni ọ̀dà máa ń tín jù. Ẹ̀rọ ka 255 lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó ti jẹ́ 260. Lẹ́yìn iṣẹ́, a sọ ìdá náà nù: amọ̀ tó bá ti gbé àwọ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sórí kílíà.

Ọ̀sán, lábẹ́ òrùlé: pọ́líìṣì àti ààbò

A tún fi ọṣẹ fọ gbogbo ọkọ̀, nítorí omi yíyọ̀ tó gbẹ sínú àlàfo ilẹ̀kùn yóò tú jáde sórí pádì. Amọ̀ ti kó wáàsì tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀dà wà níhòòhò báyìí, kò sì gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́dà.

Pádì rírọ̀ lórí máṣíìnì tó ń mì bó ṣe ń yí, pọ́líìṣì tó kúnná, ìkán mẹ́rin tó tó ẹyọ ẹ̀wà, 50 sẹ̀ǹtímítà sí 50 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́rin ní ìdábùú àti òró. Ìlà amọ̀ lọ pátápátá. Kò sí ìdí láti mú rọ́bìn, ìyẹn pọ́líìṣì líle tó ń gé ọ̀dà jù. Àbààwọ́n fúrútù dínkù, ó ṣì hàn bí ẹ bá mọ ibi tó wà. Ẹ̀rọ kò rí ju máíkírọ́ọ̀nù 1 tàbí 2 tó dínkù lọ, ìyẹn sì wà nínú àṣìṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Fẹ́ńdà òsì, ọwọ́ lásán la fi pa á ní pọ́líìṣì, pádì rẹ̀ sì dúdú.

Omi lítà 1 tó ní ọtí aísópúrópáílì mìlílítà 150 nínú la fi nu epo pọ́líìṣì kúrò, àfi lára fẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà la fi wáàsì tín-ín-rín bò ó, ẹ̀ẹ̀mejì, wákàtí kan láàárín wọn. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án títí di ọjọ́ kejì.

Ohun tó kù

Ọ̀rá búrẹ́dì ń yọ̀ lórí ohun gbogbo báyìí àfi ìbòrí díńgí òsì. Nínú ìdá amọ̀ mẹ́rin, ẹ̀kẹta nìkan ló ṣì dára. Ó wà nínú ike ọṣẹ pẹ̀lú omi yíyọ̀ ṣíbí kan, kó má baà gbẹ, lábẹ́ àga níbi tí oòrùn ò dé. Kò ní kan orí ọkọ̀ tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́. Gíláàsì àti ríìmù ni yóò parí sí. Wẹ́dà ò ní kó lọ, nítorí náà oògùn irin nìkan ni bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò máa gbà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tí ọyẹ́ bá kọjá, a ó tún ki ọwọ́ bọ ọ̀rá.

Fẹ́ńdà òsì ni yóò kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù. A ó họ sẹ́lúlóòsì kúrò dé irin, a ó fi tú-kéè kùn ún pẹ̀lú nọ́ńbà 209, ó kéré tán yóò sì lo ọjọ́ 30 kí amọ̀ tàbí wáàsì tó kàn án. Ìbòrí díńgí á tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ kan náà.